Àdéhùn ni Ìwé Ìwọ̀lú

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad.

Ẹ̀yin ará nínú Ìsìláàmù, ọ̀bẹ tí a fi ń la ẹja ní Òde-Omi, irinṣẹ́ ni. Lẹ́nubodè ìlú mìíràn, ó lè di ohun ìjà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin 1968 ka ata tí a ń fín sójú mọ́ ohun ìjà èèwọ̀. Òfin 1988 gba ọ̀bẹ àpò tó ń ṣẹ́po láyè níta gbangba, bí ojú rẹ̀ kò bá ju íǹṣì 3 lọ, tí kò sì ní ìdè. Èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ ń fẹ́ ìdí pàtàkì. Ìbẹ̀rù olè lásán kò tó. Òbí tó fi àánú dì í sínú ẹrù ọmọ rẹ̀, ẹjọ́ ló dì fún un.

Ànábì pàṣẹ pé ẹni tó bá gbé ọfà kọjá nínú mọ́ṣáláṣí tàbí ọjà, kó di orí rẹ̀ mú, kó má baà ṣe mùsùlùmí léṣe. Àṣẹ pé kí onígbàgbọ́ mú àdéhùn ṣẹ ni Súúrà al-Mā'idah fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó gba ìwé ìwọ̀lú ti gbà láti pa òfin onílé mọ́.

Ẹ tú ẹrù yín wò kí ẹ tó gbéra. Kí Ọlọ́hun ṣọ́ àwọn arìnrìn-àjò wa. Àmín.