Ẹ̀rí Tí Kò Lẹ́nu

Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹwàá ọdún 1963, John Coltrane àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ṣeré ní ilé ìgbafẹ́ Birdland ní ìlú New York. Coltrane ń fun sasofóònù, McCoy Tyner ń tẹ píánò, Jimmy Garrison ń ta okùn báàsì, Elvin Jones sì ń lù. A gba orin mẹ́ta sílẹ̀ níbẹ̀ lójú àwọn òǹwòran. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Impulse gbé àwo náà jáde ní ọdún 1964, orin márùn-ún ni ó wà nínú rẹ̀. Orúkọ tí wọ́n fún un ni Live at Birdland, èyí tí ó ń sọ pé ní Birdland, lójú àwùjọ, ni a ti ṣe é. Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe Birdland ni a ti gba méjì nínú wọn. Yàrá ìgbohùnsílẹ̀ kan ní New Jersey ni, ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kọkànlá ọdún 1963. Ọ̀kan nínú méjèèjì ni a ń pè ní “Alabama”. Ǹjẹ́ irọ́ ni àwo náà pa?

Àwọn àgbà ní òtítọ́ dé ọjà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. Ẹni tí ó fi owó ra àwo ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí ó rà. Bí ẹlẹ́mu bá bu omi lu ẹmu, bí ó ti wù kí omi náà mọ́ tó, kì í ṣe ẹmu nìkan ni ó tà. Dídùn orin kò lè sọ orúkọ tí kò pé di òtítọ́.

Ṣùgbọ́n òtítọ́ mìíràn wà nínú “Alabama”. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹsàn-án ọdún 1963, àwọn aláwọ̀ funfun kan tí wọ́n kórìíra aláwọ̀ dúdú fi bọ́ǹbù fọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi kan ní Birmingham, ní ìpínlẹ̀ Alabama. Ọmọbìnrin mẹ́rin kú: mẹ́ta jẹ́ ọmọ ọdún 14, ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún 11. Ọjọ́ 64 lẹ́yìn náà ni a gba orin yìí sílẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀. Fèrè ń lọ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí ẹsẹ̀ wúwo fún, píánò ń kùn lábẹ́ rẹ̀. Láàárín orin, ìrìn yá díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó tún padà sínú ọ̀fọ̀.

Ilé-ẹjọ́ ńkọ́? Ọdún 1977 ni a tó dá ẹni àkọ́kọ́ lẹ́bi ìpànìyàn náà. Ó di ọdún 2001 àti 2002 kí a tó dá àwọn méjì mìíràn lẹ́bi. Níbi tí a ti ń búra, ẹnu pẹ́ kí ó tó là. Fèrè tí kò búra ti jẹ́rìí tirẹ̀.

Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ sọ àsọdùn. Fèrè kò dárúkọ apànìyàn, kò sì lè rọ́pò ìdájọ́. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kò jẹ́ kí òkú di ẹni ìgbàgbé nígbà tí adájọ́ kò tíì sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, gbèsè méjì ni ó wà nílẹ̀, ọ̀kan kò sì san èkejì. Ẹni tí ó ta àwo jẹ òǹrajà ní orúkọ tí ó pé. Olórin jẹ òkú ní ọ̀fọ̀ tí kò ní ẹ̀tàn. Ti olórin ni a san. Kò sí àtẹ́wọ́ ní yàrá náà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí a torí wọn kọ orin náà kò lè pàtẹ́wọ́ mọ́.