Ta Ni Ó Yẹ Kí A Bi Kí A Tó Ya Ọmọ Ní Fọ́tò?

Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ yìí lè dà bí ohun kékeré lójú àwọn mìíràn nínú wa. Nígbà tí olùkọ́ bá gbé fóònù sókè ní ilé-ìwé, tàbí ní kíláàsì Ọjọ́ Ìsinmi, láti ya àwọn ọmọ ní fọ́tò tàbí láti ká wọn sínú fídíò, àṣẹ ta ni ó gbà? Ṣé ti òbí ni? Ṣé ti ọ̀gá ilé-ìwé ni? Tàbí ti ọmọ náà fúnra rẹ̀? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe yára dáhùn. Èmi pẹ̀lú ti yára dáhùn rí, ohun tí ó sì ti ibẹ̀ jáde ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ fún yín.

Olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn ará kan dá owó jọ láti ra bàtà fún àwọn ọmọ ilé-ìwé wa tí kò ní. Èmi ni wọ́n ní kí n yan àwọn ọmọ náà, nítorí pé èmi ni mo mọ̀ wọ́n. Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tí sálúbàtà rẹ̀ ti já, tí ìyá rẹ̀ sì fi okùn so ó. Mo pè é síwájú. Mo bi í pé, “Ṣé kí n yà ọ́ ní fọ́tò?” Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Tíṣà.” Mo ya ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ojú rẹ̀ pẹ̀lú sálúbàtà olókùn náà, lẹ́yìn èyí mo wọ bàtà tuntun fún un, mo tún yà á, mo ní kí ó rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín. Mo fi fọ́tò méjèèjì ránṣẹ́ sí àwọn tí ó dá owó. N kò dúró níbẹ̀. Mo tún gbé wọn sí orí WhatsApp mi, níbi tí àwọn tí a jọ ní nọ́ńbà ara wa ti lè rí wọn, mo sì kọ ọ̀rọ̀ ọpẹ́ sábẹ́ wọn.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, fọ́tò náà ti dé àdúgbò wọn. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti sọ ọ́ ní Baba Olókùn. Ọmọ náà a máa bọ́ bàtà tuntun náà sínú àpò ìwé rẹ̀ bí ó bá ti kù díẹ̀ kí ó dé ilé-ìwé, a sì máa fi ẹsẹ̀ lásán rìn wọlé. Èmi ni mo kọ́kọ́ bínú sí i, mo rò pé aláìmoore ni. Àfi ìgbà tí ìyá rẹ̀ wá. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, “Tíṣà, ẹ ṣeun, ẹ kú ìnáwó wa. Bàtà yẹn bo àṣírí wa. Ṣùgbọ́n, ẹ má bínú o, fọ́tò yẹn tú u.”

Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ obìnrin yìí. Ní èdè wa, nígbà tí ènìyàn bá rí ohun tí ó nílò gbà láìsí ìtìjú, a kì í sọ pé ó di ọlọ́rọ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé àṣírí rẹ̀ bò. Àwọn bàbá wa mọ̀ pé àánú àti ìbora kò ṣe é yà sọ́tọ̀. Mo fi ọwọ́ ọ̀tún bo ọmọ náà, mo sì fi ọwọ́ òsì ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ayé.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jùlọ, nígbà tí mo dé ilé tí mo rò ó, ni pé kò sí àṣẹ kan tí n kò gbà. Ọ̀gá ilé-ìwé mọ̀ sí i. Ìyá ọmọ náà ti fi ọwọ́ sí ìwé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún pé ilé-ìwé lè ya ọmọ òun. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ wí pé, “Bẹ́ẹ̀ ni.” Bí a bá fẹ́ fi ìwé dá mi lẹ́jọ́, ó ṣeé ṣe kí wọ́n dá mi láre. Kí ni ó wá kù?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo “bẹ́ẹ̀ ni” ti ọmọ náà. Ó dúró níwájú olùkọ́ rẹ̀, ojú gbogbo kíláàsì wà lára rẹ̀, bàtà tí ó nílò sì wà ní ọwọ́ mi. Ta ni ó lè sọ pé “rárá” ní irú ibẹ̀? Pẹ̀lúpẹ̀lù, àwa fúnra wa ni a kọ́ àwọn ọmọ wa pé ọmọ tí ó ní ẹ̀kọ́ kì í kọ ọ̀rọ̀ sí àgbà lẹ́nu. Ẹ̀kọ́ dáradára ni, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a ti kọ́ pé kò gbọdọ̀ sọ pé “rárá,” “bẹ́ẹ̀ ni” rẹ̀ jẹ́ ìgbọ́ràn ni, kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Bí olùkọ́ bá gba ìgbọ́ràn ọmọ tí ó sì pè é ní ìyọ̀ǹda, olùkọ́ náà ń tan ara rẹ̀ jẹ. Ìyọ̀ǹda wà níbi tí “rárá” kò ti ní ná ọmọ náà ní ohunkóhun: kò ní ná an ní bàtà, kò ní ná an ní ojú rere olùkọ́, kò sì ní sọ ọ́ di ẹni ẹ̀gbẹ́ láàrin àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ti ìyá rẹ̀ ńkọ́? Nígbà tí ó ń fi ọwọ́ sí ìwé yẹn, fọ́tò kíláàsì ni ó wà lọ́kàn rẹ̀, àti ti ọjọ́ ìfúnni-lẹ́bùn, tí ọmọ wọ aṣọ mímọ́. Kò fi ọwọ́ sí sálúbàtà olókùn. Òbí tí ó yọ̀ǹda ohun kan kò tíì yọ̀ǹda ohun gbogbo.

Òfin ilẹ̀ wa kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ ti ọdún 2003 sọ ní apá 8 rẹ̀ pé ọmọdé ní ẹ̀tọ́ sí ohun tí ó jẹ́ ìpamọ́ rẹ̀ àti ti ìdílé rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òbí ní àṣẹ láti máa tọ́jú ìwà rẹ̀. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn ọmọdé, èyí tí a ṣe ní ọdún 1989 tí Nàìjíríà sì tẹ́wọ́ gbà ní 1991, sọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ó tún sọ pé kí a gbọ́ tẹnu ọmọ nínú ọ̀ràn tí ó kàn án, gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí àti òye rẹ̀ bá ti tó. Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti ọdún 2023 sì ní kí ilé-iṣẹ́ tàbí ilé-ìwé tí ó bá fẹ́ fi ìyọ̀ǹda ṣe ẹ̀rí lo ohun tí ó jẹ mọ́ ọmọdé gba ìyọ̀ǹda òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀. Pé dídákẹ́ kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Àti pé ẹni tí ó yọ̀ǹda lónìí lè gba ìyọ̀ǹda rẹ̀ padà lọ́la. Ó dára kí olùkọ́ mọ nǹkan wọ̀nyí. Síbẹ̀, mo ti sọ fún yín pé ìwé wà lọ́wọ́ mi, ọmọ náà sì tún fi ẹsẹ̀ lásán wá sí ilé-ìwé.

Ẹ ka Marku orí 5, láti ẹsẹ 21 dé 43. A mọ ìtàn ọmọbìnrin Jairu dáadáa, ṣùgbọ́n bóyá a kò tíì kà á pẹ̀lú ọ̀ràn yìí lọ́kàn rí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tẹ̀lé Jésù lọ sí ilé náà. Nígbà tí ó dé ibẹ̀, ó bá àwọn tí ń sọkún tí wọ́n sì ń pariwo. Àwọn kan nínú wọn tilẹ̀ fi í rẹ́rìn-ín ẹlẹ́yà. Ohun tí ó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó lé gbogbo wọn síta. Bàbá ọmọ, ìyá ọmọ, àti ọmọ-ẹ̀yìn mẹ́ta péré ni ó wọ iyàrá pẹ̀lú rẹ̀. Iṣẹ́ ìyanu tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀! Bí ó bá jẹ́ àwa ni, ojú fèrèsé ni à bá ti máa ya fídíò. Nígbà tí ọmọ náà sì dìde, tí ó ń rìn, Jésù kìlọ̀ fún wọn gidigidi kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbọ́, ó sì ní kí wọ́n fún un ní oúnjẹ. Ọmọ ọdún méjìlá ni. Ebi tí ń pa á ni ó jẹ Olúwa lógún, kì í ṣe òkìkí tí ìtàn náà ìbá mú wá.

Ẹnìkan ní kíláàsì mi dáhùn pé, “Marku ṣáà kọ ọ́ sílẹ̀ fún gbogbo ayé.” Òótọ́ ni ó sọ, inú mi sì dùn pé ó ronú. Ṣùgbọ́n ẹ wá orúkọ ọmọ náà wò. A mọ orúkọ bàbá rẹ̀ àti ipò rẹ̀ nínú sínágọ́gù. Títí di òní, a kò mọ orúkọ ọmọ náà.

Àwọn ará kan ń sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni èyí, pé àwọn ará wa tí ó wà ní Ìlú Ọba ni ilé-ìwé ń fi ìwé ìyọ̀ǹda ránṣẹ́ sí, pé àwa kò mọ irú rẹ̀ rí. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń sọ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ kò kàwé lọ́dọ̀ òyìnbó. Àwọn tí ó sọ pé gbogbo aṣọ kọ́ ni a ń sá lóòrùn kò ní fóònù. Ohun tí ó yí padà ni agbára tí ó wà lọ́wọ́ wa. Láyé àtijọ́, nígbà tí a bá pe ayafọ́tò wá sí ilé-ìwé, gbogbo wa ni a mọ̀ pé ó ń bọ̀. Ìyá á lọ aṣọ, á sì pa ọmọ lára. Fọ́tò tí a bá tẹ̀ kò ju mélòó kan lọ, inú álíbọ́ọ̀mù ni ó sì ń gbé, ẹni tí a bá gbà lálejò ni ó ń rí i. Lónìí, ohun tí mo bá fi ránṣẹ́ ní aago méjì kò sí ní ìkáwọ́ mi mọ́ ní aago mẹ́ta. Aṣọ ilé-ìwé àti báàjì àyà ọmọ ń sọ ibi tí a ti lè bá a lójoojúmọ́ fún ẹni tí kò yẹ kí ó mọ̀. Ẹ̀rọ sì wà báyìí tí ènìyàn burúkú lè fi ojú ọmọ sí ara ẹlòmíràn. Àwọn ọmọ yìí yóò dàgbà, fọ́tò náà yóò sì máa bá wọn lọ.

N kò sọ pé kí a má ṣe ya ọmọ ní fọ́tò mọ́. Mo ní fọ́tò kan tí a yà nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, eyín mi iwájú ti yọ, n kò lè fi í tọrẹ. Bàbá tí ó ń ṣiṣẹ́ ní òkèèrè ń yọ̀ bí ó bá rí ọmọ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ Sunbeam. Ayọ̀ tí ọmọ náà bá a pín ni èyí. Ọ̀tọ̀ ni ìgbà tí ọmọ bá wà nínú ìtìjú, nínú àìsàn, nínú ẹkún, tàbí nígbà tí ó ń gba ọrẹ. Níbẹ̀, mo ti pinnu fún ara mi pé n kò ní béèrè rárá, nítorí pé ìbéèrè náà gan-an jẹ́ ẹrù tí ọmọ kò lè gbé.

Àwọn olùtọrẹ ńkọ́? Ó tọ́ kí wọ́n mọ̀ pé owó wọn dé ibi tí wọ́n rán an. Nígbà tí a tún pín bàtà lẹ́ẹ̀kejì, mo ya àwọn bàtà náà bí a ṣe tò wọ́n sórí tábìlì, mo sì fi ìwé ìrajà àti iye ọmọ tí ó gbà wọ́n ránṣẹ́, ọ̀gá ilé-ìwé fọwọ́ sí i. Ẹnìkan nínú wọn bínú, ó ní òun fẹ́ rí ojú. Mo bẹ̀ ẹ́. Kò dá owó mọ́ ní ọdún náà, bàtà méjì sì dín. Ó dùn mí, n kò ní purọ́. Àwọn ọmọ méjì wà tí wọ́n dúró di ọdún kejì. Mo ṣì ń rò ó bóyá ó yẹ kí n wá ọ̀nà mìíràn.

Ní ti ọmọkùnrin olókùn, mo yọ fọ́tò náà kúrò, mo sì bẹ ìyá rẹ̀. Mo bẹ òun náà pẹ̀lú, èmi nìkan pẹ̀lú rẹ̀, ní abẹ́ igi máńgòrò. Ojú tì í ju èmi lọ, ó ń wo ilẹ̀. Nígbà tí ó di ọjọ́ àjọ̀dún àwọn ọmọdé, gbogbo kíláàsì tò láti ya fọ́tò. Mo sún mọ́ ọn, mo rọra bi í bóyá ó fẹ́ wà níbẹ̀. Ó ní, “Rárá, Tíṣà.” Mo ní, “Ó dára.” Kò kúrò lójú kan náà. Ó gbé ojú sókè, ó wo ojú mi fún ìgbà díẹ̀, bóyá inú mi ti bàjẹ́, kí ó tó sáré lọ sí ìdí ìrẹsì.