Àgbáyun àti Ẹ̀rí Ahọ́n

Àgbáyun jẹ́ èso pupa kékeré tí kò gùn ju sẹ̀ǹtímítà méjì sí mẹ́ta lọ. Kóró kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, ẹran ara rẹ̀ sì fẹ́lẹ́ débi pé ẹni tí ebi ń pa kò lè fi pa ebi. Òun fúnra rẹ̀ kò dùn títí lọ. Àmọ́ ẹni tó bá jẹ ẹ́ tán, tó wá fi ọsàn wẹ́wẹ́ sẹ́nu, adùn ni yóò bá níbi tó ti ń retí kíkan, ó sì lè tó wákàtí kan kí ẹnu rẹ̀ tó padà sí bó ṣe wà. Ìbéèrè tí èyí bí ju ti ilé ìdáná lọ: nígbà tí ọsàn wẹ́wẹ́ bá dùn báyìí, ṣé ẹni tó jẹ ẹ́ mọ̀ pé ó dùn, àbí ahọ́n rẹ̀ ló ń parọ́ fún un?

Inú igbó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, láti Ghana títí lọ dé ìhà Kóńgò, ni igi náà ti ṣẹ̀. Ìdílé kan náà ni òun àti àgbálùmọ̀. Igi èmi tí wọ́n ń yọ òrí lára èso rẹ̀ náà ò gbẹ́yìn níbẹ̀. Ní Addo ní Èkó, lójú ọ̀nà tó ti Ajah lọ sí Badore, àgbálùmọ̀ kì í wọ́n láti ìgbà ọyẹ́ títí di nǹkan bí oṣù kẹrin, ẹni tó bá sì rà á mọ̀ pé èyí tó dùn àti èyí tó kan máa ń wà nínú òkìtì kan náà. Àgbáyun ni kò wọ́pọ̀. Igbó tó yí ìlú náà ká ti di ẹ́sìtéètì, igi yìí kò sì yá dàgbà. Ó máa ń tó ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin kó tó so, kóró rẹ̀ kì í hù mọ́ tó bá ti gbẹ, èso rẹ̀ tútù kì í sì í pẹ́ bàjẹ́. Irú ọjà bẹ́ẹ̀ kò gba kí èèyàn pàtẹ rẹ̀ sínú oòrùn láti àárọ̀ dalẹ́.

Àwọn àgbà mọ ìlò rẹ̀ tipẹ́. Lọ́dún 1725, arìnrìn-àjò ará Faransé kan, Chevalier des Marchais, kíyè sí i pé àwọn èèyàn ìhà yìí máa ń jẹ èso náà kí wọ́n tó jẹun. Lọ́dún 1852, dókítà ará Bìrìtìkó kan, William Freeman Daniell, kọ̀wé nípa bí wọ́n ṣe ń fi í gbádùn oúnjẹ àgbàdo tó ti kan àti ẹmu tó ti le. Ìlò náà kò yí padà títí dòní: ẹnu ni wọ́n ti ń lò ó, kì í ṣe inú ìkòkò, nítorí iná máa ń pa agbára rẹ̀. Orúkọ Daniell yìí náà ló wà lára orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko fún ewé eéran, tí wọ́n fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ra ewé náà kò tíì rí èso pupa tó máa ń so nísàlẹ̀ rẹ̀, lẹ́bàá ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ adùn tó wà nínú èso ọ̀hún ju ti ṣúgà lọ ní ìlọ́po tó lé ní 2,000, kò sì nílò kíkan kankan kó tó ṣiṣẹ́.

Ọdún 1968 ni àwọn onímọ̀ yọ prótéènì tó ń ṣiṣẹ́ nínú àgbáyun sọ́tọ̀, tí wọ́n pè é ní miraculin. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ ibi tí ahọ́n fi ń mọ adùn, á sì dákẹ́ síbẹ̀. Ìgbà tí ásíìdì bá dé ló ń yí padà, tí yóò ta ibẹ̀ jí; tí itọ́ bá ti fọ ásíìdì náà lọ, á tún dákẹ́. Kò fi ṣúgà kún oúnjẹ, kò sì yọ ásíìdì kúrò nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń dán an wò fún àwọn tó ní àtọ̀gbẹ, àti àwọn tí ìtọ́jú jẹjẹrẹ ti ba adùn ẹnu wọn jẹ́. Ìjọba Amẹ́ríkà kọ̀ ọ́ lọ́dún 1974 gẹ́gẹ́ bí ohun àfikún sí oúnjẹ, nígbà tí àwọn ọlọ́jà ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tà á; Ìṣọ̀kan Yúróòpù fọwọ́ sí èso gbígbẹ rẹ̀ ní 2021.

Láti ìgbà Democritus, onímọ̀ ọgbọ́n orí ní ilẹ̀ Gíríìkì, ni àwọn kan ti ń sọ pé dídùn àti kíkorò kò sí nínú nǹkan rárá, pé àwa là ń fún un lórúkọ bẹ́ẹ̀. Onímọ̀ ọgbọ́n orí mìíràn, John Locke, sọ ohun tó fara jọ ọ́ ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Àgbáyun dà bí ẹni tó wá jẹ́rìí gbè wọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn wà tí a lè gbà wò ó. Nínú ìwé tí J. Olúbí Ṣódípò àti Barry Hallen gbé jáde lọ́dún 1986, lẹ́yìn ìfọ̀rọ̀wérọ̀ pẹ̀lú àwọn oníṣègùn Yorùbá, wọ́n fi hàn pé ohun tí ènìyàn fojú ara rẹ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí, ni àwọn oníṣègùn wọ̀nyí ń pè ní ìmọ̀. Ìgbàgbọ́ ni èyí tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, àfi tó bá dán an wò.

Lójú òfin yìí, ẹni tó jẹ àgbáyun bọ́ sínú ìṣòro. Ahọ́n ara rẹ̀ ló fi tọ́ ọ wò, kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kankan. Síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ kò lè jẹ́rìí sí i, torí ó rántí ohun tó jẹ ṣáájú. Ohun tó mọ̀ kò ju pé adùn ń bẹ lẹ́nu òun. Ẹnì kan lè bèèrè pé kí ló wá mú ahọ́n tí kò jẹ àgbáyun di olóòótọ́, nígbà tó jẹ́ pé wíwọ́pọ̀ nìkan ló fi ju èkejì lọ. Ìdáhùn tó tẹ̀wọ̀n jù ni pé ahọ́n kì í ṣe ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo. Ọsàn wẹ́wẹ́ tó dùn lẹ́nu yẹn yóò ṣì fọ ara ìgbín tó ń yọ̀ mọ́, yóò ṣì mú kí wàrà dì, yóò sì kan eyín. Ásíìdì wà nínú ọsàn. Kíkan ni kò sí, àfi níbi tí ọsàn àti ẹnu ti pàdé.

Ẹ̀sìn ìbílẹ̀ kò gbé iṣẹ́ rẹ̀ lé ẹ̀rí ahọ́n nìkan. Orógbó, tí wọ́n fi ń bọ Ṣàngó, korò, àgbáyun kò sì lè ràn án lọ́wọ́, torí kíkan nìkan ni agbára rẹ̀ ká. Níbi ìsọmọlórúkọ, wọ́n ń gbé orógbó jókòó ti oyin, iyọ̀, obì àti ataare, kò sì sẹ́ni tó ń retí kó dùn kí àdúrà tó gbà. Oyin ń dùn, orógbó ń korò, ẹnu àgbà tó ń wúre lórí wọn ló sì ń sọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wá ṣe fún ọmọ. Èyí bọ́gbọ́n mu ju kí a ní adùn àti ìkorò jẹ́ orúkọ lásán lọ.

Fún ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àríyànjiyàn. Àgbáyun lè mú kó mu omi ọsàn wẹ́wẹ́ púpọ̀ láìfura, ásíìdì inú rẹ̀ yóò sì dé ikùn bó ṣe wà. Iye èso tó fún ló yẹ kó fi díwọ̀n ohun tó mu, kó má fi ti bó ṣe dùn tó ṣe.