Ọmọ Tí A Gbà Tọ́, Ìwé Rẹ̀ Ńkọ́?

Bíbélì kíkà: Ẹ́sítérì 2:5-11, Jákọ́bù 1:27

Olùfẹ́, nígbà tí bàbá àti ìyá Ẹ́sítérì kú, Módékáì gbà á tọ́. Ọ̀pọ̀ wa mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí, pé ọmọ òrukàn yìí di ayaba. Ṣùgbọ́n ẹsẹ kọkànlá fi ohun kan hàn wá tí a sábà máa ń fò. Lẹ́yìn tí ọmọ náà ti dé ààfin, kò sí ọjọ́ tí Módékáì kì í lọ wádìí bí nǹkan ṣe ń lọ fún un. Kò bọ́ ọ nìkan, ó ń tọpa rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Òkun, ọmọ gbígbà tọ́ kì í ṣe ohun àjèjì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n, ọmọ àbúrò àti ọmọ òrukàn ń ti Mọ̀pà, Ìsanlú àti àwọn abúlé wá gbé lọ́dọ̀ wa ní Kàbà. Àwọn mìíràn wà ní ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí. A ń fún wọn ní oúnjẹ àti aṣọ. Ọlọ́run yóò san án fún wa. Ìbéèrè tòní ni pé: ṣé àánú lásán ni ìwé ọmọ tí a gbà tọ́, àbí gbèsè tí a jẹ ẹ́?

Ẹnìkan lè sọ pé, "Pásítọ̀, owó ọwọ́ mi kò tó. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn." Òótọ́ ni, owó ṣọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ ni òwe náà sọ, ọ̀ṣọ́ sì ni ìlẹ̀kẹ̀. Ìwé kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Lọ́nà kejì, lọ́jọ́ tí o sọ fún àwọn ẹbí rẹ̀ pé, "Ẹ mú un wá, ọmọ mi ni," wọn kò wá ẹlòmíràn mọ́. Ìwọ lo ti àwọn ilẹ̀kùn yòókù. Ìdí nìyí tí ó fi di gbèsè.

Òfin ìjọba pàápàá rí i bẹ́ẹ̀. Òfin UBE ti ọdún 2004 sọ pé kí òbí rí i dájú pé ọmọ rẹ̀, tàbí ọmọ tó wà lábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀, lọ sí ilé ẹ̀kọ́ láti praimárì títí yóò fi parí JSS 3. Ọdún 9 nìyẹn. Òfin náà kò ya ọmọ bíbí sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ àgbàtọ́.

Wo Àjàyí, tí a wá mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther. Ní ọdún 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown, ní ilẹ̀ Sàró. Ọmọ nǹkan bí ọdún 13 ni, kò sí bàbá, kò sí ìyá nítòsí. Àwọn míṣọ́nnárì tó gbà á ìbá kàn fún un ní oúnjẹ àti iṣẹ́ ilé, ta ni ìbá bá wọn wí? Ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ ọ ní ìwé àti iṣẹ́ káfíńtà. Ní ọdún 1827 ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay. Ní ọdún 1864 ó di bíṣọ́ọ̀bù. Iṣẹ́ ìhìnrere rẹ̀ dé Gbẹ̀bẹ̀ àti Lọ́kọ́jà, nínú ìpínlẹ̀ Kogí wa yìí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yé wa o. Kì í ṣe nítorí pé ọmọ náà lè di Crowther ni a ó ṣe rán an níwèé. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló bá Àjàyí jókòó ní kíláàsì tí a kò mọ orúkọ wọn lónìí. Ìwé tọ́ sí àwọn náà. Bí a bá ń kọ́ ọmọ nítorí èrè tí yóò mú wá fún wa, òwò là ń ṣe.

Kí ni ká ṣe nígbà náà?

1. Fún un ní àkókò. Ọmọ tó pọnmi, tó gbálẹ̀, tó tún kiri ọjà kí agogo ilé ẹ̀kọ́ tó lù, oorun ni yóò sùn ní kíláàsì. Pín iṣẹ́ ilé dọ́gba láàárín gbogbo ọmọ. Èyí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ.

2. Bí owó kò bá tó, jẹ́ kí àìtó náà kan gbogbo wọn. Bí ó bá gba pé kí ọmọ rẹ kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ olówó gọbọi, kí àwọn méjèèjì lè jọ lọ sí ti ìjọba, ṣe é. Ó le, ṣùgbọ́n òdodo ni.

3. Tọpa rẹ̀ bíi Módékáì. Lọ sí ìpàdé òbí àti olùkọ́ nítorí tirẹ̀. Bèèrè èsì ìdánwò rẹ̀ ní gbogbo táàmù.

Ìjọ náà ní ipa tirẹ̀. Ìrẹsì Kérésìmesì tí à ń gbé lọ fún àwọn ọmọ aláìlóbìí dára, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tán. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú ọmọ kan, kí wọ́n san owó WAEC rẹ̀, kí wọ́n sì mọ orúkọ olùkọ́ rẹ̀.

Àṣàrò: Kíláàsì wo ni ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ wà? Ipò kelòó ló gbà ní táàmù tó kọjá?

Àdúrà: Baba, má jẹ́ kí ọ̀la ọmọ tí O fi sí ọwọ́ mi bàjẹ́ nínú ilé mi, ní orúkọ Jésù. Àmín.