Fọ́tò, Odò àti Ọ̀wọ̀

Fọ́tò lè fi bí odò ṣe rí hàn. Bóyá ó lè mú kí ènìyàn bọ̀wọ̀ fún odò náà ni àríyànjiyàn wà lé lórí, nítorí pé nínú ẹ̀sìn ìbílẹ̀ Yorùbá, ọ̀wọ̀ omi kì í ti ojú nìkan wá.

Ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo fi èyí hàn kedere. Lóṣù Kẹjọ, àìmọye fóònù àti kámẹ́rà ló máa ń dojú kọ Arugbá, wúńdíá tó ń ru igbá ọdún, bó ṣe ń lọ sétí odò. Aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀ àti èrò ni wọ́n ń rí yà. Igbá tí wúńdíá náà rù wà lábẹ́ aṣọ, bẹ́ẹ̀ igbá yẹn gan-an ni ọdún dúró lé. Èèwọ̀ ti ń ṣọ́ igbó Ọ̀ṣun tó wà létí odò náà kí kámẹ́rà tó dé: wọn kì í pẹja níbẹ̀, wọn kì í dẹ̀gbẹ́, wọn kì í gégi. Nígbà tí ọwọ́ èèwọ̀ ń dẹ̀, Susanne Wenger, tí wọ́n mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo gbé ère síbẹ̀ kí ilẹ̀ náà má baà bọ́ sọ́wọ́ olówó. Ní 2005 ni UNESCO kọ igbó náà, tó tó hẹ́kítà 75, mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé.

Ṣùgbọ́n odò kì í dúró sójú kan. Ìgèdè-Èkìtì ni Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀ wá, èèwọ̀ igbó Òṣogbo kò sì dé ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ti ń wa wúrà. Ibí yìí ni fọ́tò ti já fáfá: àwòrán omi tó pọ́n bí ẹrẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ ibi ìwakùsà dé etí ẹni tí kò ní débẹ̀ láéláé. Àmọ́ mẹ́kúrì tí wọ́n fi ń yọ wúrà kì í hàn nínú fọ́tò. Omi lè mọ́ gaara kó sì lóró. Olùjọ́sìn tó ń bu omi sí kẹ́ẹ̀gì kò wo àwọ̀ rẹ̀ kó tó gbàgbọ́, ẹni tó sì fẹ́ràn odò nítorí ẹwà rẹ̀ nìkan yóò kọ̀ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹwà bá ṣá.

Lágbègbè Kúje àti Festac ní Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin, l'Ékòó, ẹwà tilẹ̀ lè tan kámẹ́rà jẹ. Koríko olódòdó tó ń léfòó lórí omi, èyí tó ti ìhà orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ wọ omi Bàdágìrì láàárín 1980 sí 1990, máa ń dà bí pápá tútù nínú fọ́tò. Ojú ọlọ́kọ̀ àjẹ̀ kò rí i bẹ́ẹ̀, nítorí ó ń dí ọ̀nà mọ́ ọn, ó sì ń dí àwọ̀n lọ́wọ́. Ẹni tó bá dúró sórí afárá yóò ya oòrùn àṣálẹ́. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ sínú ọkọ̀ yóò ya ọ̀rá píọ̀-wọ́tà àti ike. Àwòrán kejì yìí kò ní wu ẹnikẹ́ni láti gbé kọ́ ògiri, ṣùgbọ́n òun ló wúlò jù, pàápàá tí wọ́n bá ń yà á láti ojú kan náà lẹ́ẹ̀rùn àti lójò, tí wọ́n sì kọ ọjọ́ àti ibi sí i: nígbà tí wọ́n bá da iyanrìn sí etí omi láti kọ́lé, yóò ṣeé fi jẹ́rìí ibi tí omi dé tẹ́lẹ̀.