Àwòrán Ìlú àti Àṣírí Ìlú

Ta ni ó yẹ kí ó mọ ibi tí odi ìlú ti yẹ̀? Ìbéèrè yìí ti wà ní ilẹ̀ Yewa tipẹ́ kí kọ̀ǹpútà tó dé. Nígbà tí ogun Dàhọ̀mì ń bọ̀ wá bá Abẹ́òkúta ní 1851, ìtàn sọ pé àwọn ará Ìṣágà, tí ìlú wọn wà lójú ọ̀nà, ni ó júwe ìlú fún wọn. Wọ́n ní kí wọ́n gba ẹnubodè Aro wọlé ní ọ̀sán gangan, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún odi mọ sí. Ogun náà fọ́ ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta. Ní 1862, Glele, ọba Dàhọ̀mì, wá gbẹ̀san: ó run Ìṣágà, ó sì kó àwọn ará ibẹ̀ lẹ́rú. Ìmọ̀ ìrísí ìlú kan náà ni ó gba ìlú kan là, tí ó sì kó bá ìkejì.

Lóde òní, amí kò ní láti fi ẹsẹ̀ yí odi ká mọ́. Kọ̀ǹpútà lè gbé ìlú dìde lójú wa, kì í ṣe ní pẹlẹbẹ bí àwòrán ilẹ̀ àtijọ́, bí kò ṣe pẹ̀lú gíga ilé àti kọ̀rọ̀ tí ó wà láàárín wọn. Ẹ̀ṣọ́ lè bi í pé: láti òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì wo ni ènìyàn ti lè rí àgbàlá ọba? Bí bọ́ǹbù bá dún ní ọjà, ọ̀nà wo ni èrò yóò gbà sá? Láti 2021 ni Google ti ń fi àmì ilé ilẹ̀ Áfíríkà síta nínú iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Akrá. Ní 2024 wọ́n fi gíga ilé kún un. Wọn kò bèèrè lọ́wọ́ Olú Ìlaròó o.

Àwọn kan ní kí a fi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ pamọ́. N kò gbà. Olè tí ó fẹ́ ẹ yóò wá a rí. Onílé tí ó fẹ́ mọ ibi tí ọkọ̀ panápaná kò lè gbà ni kò ní rí i.

Èyí tí ó kó ìdààmú bá mi ni pé ẹ̀rọ náà mọ ilé, kò mọ ènìyàn. Nígbà tí ìjọba ti ibodè orí ilẹ̀ ní oṣù Kẹjọ 2019, tí Ìdírókò kò sì ṣí títí di oṣù Kẹrin 2022, ọ̀nà igbó kan náà ni onífàyàwọ́ ń tọ̀, òun náà ni ìyàwó ilé ń gbà lọ kí àwọn òbí rẹ̀ ní Pọ̀bẹ̀. Nínú àwòrán, ọ̀nà eléwu ni. Wọn a kùn ún ní pupa, àti àwọn agboolé tí ó kọjú sí i. Láti ọjọ́ náà lọ, ojú tí ọlọ́pàá fi ń wo ọmọ agboolé yẹn yàtọ̀. Àwa tí ó ń gbé níhìn-ín mọ ẹni tí ó ń rìn níbẹ̀ àti ohun tí ó ń wá lọ, ṣùgbọ́n n kò tíì rí àyè nínú irú àwòrán bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí wọ́n kun ilé rẹ̀ ti lè wí tẹnu rẹ̀.