Níbo Ló Bọ́ Sí?

Ẹ̀kọ́ kíkà: 2 Àwọn Ọba 6:1-7

 

Ìròyìn tó wà lẹ́nu gbogbo wa ní sáà yìí ni pé ibi gbogbo ti kún. Àwọn ọmọ tuntun ń dé lójoojúmọ́ pẹ̀lú báàgì àti mátírẹ́ẹ̀sì lórí. Ẹni tó bá dúró sí ibi tí a ti ń wọ ọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yóò rí i: ọkọ̀ kan dé, ogún ènìyàn sáré sí i. Yàrá tí ènìyàn méjì ń gbé tẹ́lẹ̀, mẹ́rin ló ń sùn síbẹ̀ báyìí. Nínú ìdàpọ̀ wa pàápàá, àwọn tó bá pẹ́ dé lọ́jọ́ Ìsinmi ń gbọ́ ìwàásù láti ojú fèrèsé ni.

Ìdùnnú ni èyí jẹ́ fún àwọn tó mọ bí a ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọdún 2011 ni ìjọba àpapọ̀ dá yunifásítì wa yìí sílẹ̀ ní Lọ́kọ́jà. Mẹ́sàn-án ni wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún náà. Ọyẹ́-Èkìtì wà nínú wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni Lafia, Dutse, Wukari àti Otuoke. Adankolo ni a ti bẹ̀rẹ̀, ní ibùdó ìgbà díẹ̀, kí ilé tó bẹ̀rẹ̀ sí í dìde ní Felele. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó kọ́kọ́ jáde máa ń sọ pé nígbà tiwọn, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ orúkọ ara wọn tán. Lónìí, ènìyàn lè lo ọdún kan kó má mọ ẹni tó ń gbé yàrá kejì. A ti ń dàgbà. Kí ni Bíbélì wá sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ibùgbé wọn ti há?

Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀kọ́ kíkà wa. Àwọn ọmọ wòlíì lọ bá Èlíṣà, wọ́n ní ibi tí àwọn ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ti há jù fún àwọn. Wọ́n ní kí ó jẹ́ kí àwọn lọ sí etí odò Jọ́dánì, kí olúkúlùkù gé ìtì igi kan, kí àwọn fi kọ́ ibùgbé mìíràn. Ó ní kí wọ́n máa lọ. Ọ̀kan nínú wọn bẹ̀ ẹ́ pé kó bá àwọn lọ, ó sì gbà. Bí wọ́n ṣe ń gé igi lọ́wọ́, irin àáké ẹnì kan yọ, ó bọ́ sínú omi. Ọmọkùnrin náà kígbe, nítorí pé ó yá àáké náà ni. Èlíṣà bi í léèrè ibi tó bọ́ sí, ó sì fi ibẹ̀ hàn án. Èlíṣà gé igi kan, ó sọ ọ́ síbẹ̀, irin náà sì léfòó. Ó ní kó mú un. Ọmọkùnrin náà na ọwọ́, ó mú un.

Ohun mẹ́rin ni mo fẹ́ ká kọ́ níbẹ̀.

1. Ìtì igi kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan

Àwọn ọmọ wòlíì kò jókòó kí wọ́n máa kùn pé àyè kò sí. Wọn kò sì ní kí Èlíṣà lọ kọ́ ilé fún àwọn. Olúkúlùkù ni yóò gé ìtì igi tirẹ̀. Ẹni tó lágbára gé kan, ẹni tí kò lágbára tó bẹ́ẹ̀ náà gé kan.

Ìlú tí a wà yìí mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní 1865, ọdún kan péré lẹ́yìn tí wọ́n fi Samuel Àjàyí Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù, ó dá ilé ìwé Holy Trinity sílẹ̀ níhìn-ín ní Lọ́kọ́jà. Òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kà sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Àríwá Nàìjíríà. Ẹ má gbàgbé ẹni tí Crowther jẹ́: ọmọ Òṣoògùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, tí ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì gbà sílẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ó kú ní 1891. Kò fojú rí yunifásítì kankan ní ìlú yìí. Ìtì igi tirẹ̀ ló gé, ó gbé e kalẹ̀, ó lọ. Àwa ló ń gbé inú ilé náà lónìí.

Nítorí náà, ìwọ tó ń ka ìwé yìí, èwo ni tìrẹ? Ó lè jẹ́ pé kí o gba ọmọ tuntun kan sí yàrá rẹ fún ọ̀sẹ̀ kan títí yóò fi rí ilé. Ó lè jẹ́ pé kí o kọ́ àwọn àbúrò ní ìṣirò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó lè jẹ́ pé kí o tètè dé lọ́jọ́ Ìsinmi láti to àga. Kò sí ìtì igi tó kéré jù.

2. Àáké tí a yá

Irin ṣọ̀wọ́n nígbà náà, akẹ́kọ̀ọ́ tálákà kò lè ní àáké tirẹ̀. Ó lọ yá a lọ́wọ́ ẹni tó ní i. Ìdí nìyẹn tó fi kígbe. Bó bá jẹ́ tirẹ̀ ni, ì bá kàn káwọ́ lérí ni.

Ẹ jẹ́ ká bi ara wa: kí ni a kò yá nínú ohun tí a fi ń kàwé níhìn-ín? Owó ilé ìwé, a yá a lọ́wọ́ òógùn àwọn òbí wa. Ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún yìí, Ọlọ́run ló yá wa. Ìgbàgbọ́ tí àwọn kan nínú wa gbé wá láti ilé, àdúrà ìyá ni, a kò tíì sọ ọ́ di tiwa. Ẹni tó bá mọ̀ pé nǹkan yá ni òun ń lò, kì í fi ṣeré létí odò.

3. Níbo ló bọ́ sí?

Níbí ni mo ti fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ara mi.

Ní ọdún kejì mi, màmá mi fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta náírà ránṣẹ́ sí mi fún owó ilé ìwé. Ní Kàbbà ni wọ́n ń gbé, iṣu àti gààrí ni wọ́n ń tà. Wọ́n yá owó náà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ọjà, obìnrin méjì sì ṣe onídùúró fún wọn. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ìforúkọsílẹ̀ parí. Mo ní kí n kọ́kọ́ fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù lórí fóònù mi. Mo jẹ ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo yọ ìdámẹ́wàá rẹ̀ sọ́tọ̀ fún Ọlọ́run. Alẹ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, ẹgbẹ̀rún méje ló kù nínú gbogbo owó tó wà lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí màmá mi pè pé, “Ṣé o ti san án?” mo ní, “Ẹ má ṣèyọnu, mọ́mì, wọn ò tíì ṣí i.” Irọ́ ni. Ó ti ṣí tipẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, èmi ni mo ń darí àdúrà nínú ìdàpọ̀.

Ẹ padà sí orí karùn-ún ìwé tí a ń kà yìí, ẹ ó rí arákùnrin mi níbẹ̀. Géhásì ni orúkọ rẹ̀. Ó sáré tẹ̀ lé Náámánì, ó gba fàdákà àti aṣọ, ó kó wọn pamọ́, ó wá dúró níwájú ọ̀gá rẹ̀. Èlíṣà bi í léèrè ibi tó ti ń bọ̀. Ó ní òun kò lọ síbì kankan. Ní orí kẹfà, Èlíṣà kan náà tún bi ẹlòmíràn léèrè “níbo.” Èyí nawọ́, ó tọ́ka sí ojú omi. Géhásì jáde pẹ̀lú ẹ̀tẹ̀. Èyí padà sílé pẹ̀lú àáké. Ìbéèrè méjèèjì jọra. Ìdáhùn ló yàtọ̀.

Lẹ́yìn ìṣọ́ òru kan, bùrọ̀dá kan tó wà ní ọdún àṣekágbá nígbà náà pè mí sẹ́yìn gbọ̀ngàn. Ó ní, “Àbúrò, ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan tí o ti ń mu gààrí láàárọ̀ àti lálẹ́. Owó ilé ìwé ẹ dà?” Mo ní ó wà ní báńkì. Ó ní, “Fi hàn mí.”

Mo dúró pẹ́ kí n tó mú fóònù jáde. Mo ṣí i, mo fi hàn án. Kò pariwo lé mi lórí. Ó dúró tì mí títí mo fi yọ tẹ́tẹ́ náà kúrò lórí fóònù. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ní kí n pe màmá mi lójú òun. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n dákẹ́ títí mo fi rò pé ìpè ti já. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, “Kí ni kí n wá lọ sọ fún àwọn tó ṣe onídùúró fún mi?”

Àwa tí à ń gbé Lọ́kọ́jà mọ omi. A rí ohun tí odò Ọya àti Bẹ́núè ṣe ní 2012 àti ní 2022, nígbà tí omi gba ọ̀nà Ganaja tí ọkọ̀ ojú omi sì ń gba ibi tí mọ́tò ń gbà. Ohun tó bá bọ́ sínú omi, bó bá ṣe ń pẹ́ sí i ni ó ń ṣòro láti mọ ibi tó wà. Bí mo bá fi oṣù méjì sí i pa á mọ́, n kò mọ ibi tí ǹ bá gbá a dé.

Ará mi, ibi tó bọ́ sí ni Ọlọ́run ń béèrè. Má sọ pé, “Olúwa, ṣàánú fún mi nínú gbogbo àìlera mi,” kí o sì dákẹ́ síbẹ̀. Tọ́ka síbẹ̀. Ṣé tẹ́tẹ́ ni? Ṣé yàrá ẹnì kan tí o ń lọ lálẹ́ ni? Ṣé ìwé tí o gbé wọ inú ìdánwò ni? Ṣé gbèsè tí o jẹ, tí o sì ń sá fún ẹni tó ni ín ni? Lọ bá àgbà kan tó bẹ̀rù Ọlọ́run, kí o fi ibẹ̀ hàn án.

4. Na ọwọ́ rẹ

Ọlọ́run mú irin léfòó, ṣùgbọ́n kò fi í lé ọmọkùnrin náà lọ́wọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló na ọwọ́.

Owó tí mo ta tẹ́tẹ́ kò padà. Bùrọ̀dá yẹn yá mi ní ìdajì. Mo fi òpin ọ̀sẹ̀ ru búlọ́ọ̀kù níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé akẹ́kọ̀ọ́ ní agbègbè Felele. Mo forúkọ sílẹ̀ lẹ́yìn àkókò, mo sì san owó ìtanràn. Ó di sáà tó tẹ̀ lé e kí n tó san gbèsè tán. Mo kúrò nínú ìdarí àdúrà fún odindi sáà kan, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Màmá mi ti dárí jì mí. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn obìnrin méjì yẹn kò ṣe onídùúró fún wọn mọ́ títí di òní. Mo ń sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìdáríjì Ọlọ́run sọ ẹ̀ṣẹ̀ di ohun kékeré. Nígbà míràn, ẹlòmíràn ló ń bá wa san án.

Ohun tó ń bọ̀ lọ́nà

Ìsìn ìkíni káàbọ̀ fún àwọn ọmọ tuntun ń bọ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ìkẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì nínú àwọn ilé akẹ́kọ̀ọ́, lẹ́yìn náà àdúrà ìdánwò àti ìsìn ìdágbére fún àwọn tó ń jáde. Ẹ má jẹ́ ká ka iye ènìyàn nìkan ní àwọn ọjọ́ wọ̀nyí. Gbọ̀ngàn lè kún kí àáké sì ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa.

Ẹ̀yin tuntun, ẹ̀yin náà ló ń fi ìtì igi kún ilé yìí, ẹ kì í ṣe àlejò. Ẹ fi owó tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí yín san ohun tí wọ́n torí rẹ̀ fi ránṣẹ́, lọ́jọ́ tó bá dé gan-an. Ẹ̀yin tó ti pẹ́, ẹ máa wo ojú àbúrò yín, kí ẹ sì béèrè bó bá ti ń mu gààrí jù. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde, ọmọ wòlíì kan ṣoṣo ló ní kí Èlíṣà bá àwọn lọ. Ká ní kò sọ ọ́ ni, ta ni ì bá wà létí odò nígbà tí irin bọ́? À ń bẹ̀ yín, ẹ bá wa lọ. Owó yín wúlò, ṣùgbọ́n ẹ wá jókòó tì wá pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà: Olúwa, a dúpẹ́ pé àyè ti há mọ́ wa. Fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ní okun láti gé ìtì igi tirẹ̀. Ohun tó ti bọ́ lọ́wọ́ wa, fún wa ní ìgboyà láti fi ibẹ̀ hàn. Mú un léfòó, kí o sì ràn wá lọ́wọ́ láti na ọwọ́. Bá wa tu àwọn òbí tó yá owó nítorí wa nínú. Ní orúkọ Jésù Kristi. Àmín.

Kí oore-ọ̀fẹ́ Olúwa wa wà pẹ̀lú gbogbo yín.